Ọ̀fọ̀ Tí Kò Ní Òkú

Orúnkún náà kọ̀, kò tẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú irin náà, ó tún un tẹ̀, títí tí ohùn obìnrin kan fi jáde láti inú ẹsẹ̀ náà, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Akíntómidé. Ilé-iṣẹ́ Ẹsẹ̀dúró ń kí yín. Owó ìyálò ẹsẹ̀ yín yóò bá Ìwọ̀n Àárín gòkè lẹ́yìn ìkéde ọ̀sán òní. Bí a kò bá rí àfikún gbà, orúnkún yóò sinmi."

"Ẹ gbọ́ o. Orúnkún yóò sinmi," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ mọ ọ̀rọ̀ dá. Nígbà tiwa, bí ẹnìkan bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, á ní òun fẹ́ gbà á ni."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yẹ ìdè rẹ̀ wò."

"Ìdè rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kò rẹ̀ mí, òun ló rẹ̀."

Akíntómidé ti wa ọkọ̀ okùn tó ń gbé èrò gun òkè Ìdànrè láti ìgbà tí àwọn tó sá fún omi òkun ti gbé ọjà ìpín wọn wá síbẹ̀. Okùn ọkọ̀ náà ló gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ilé-iṣẹ́ Ẹsẹ̀dúró yá a ní òmíràn. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ń wọ inú ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ méjìlélógún, gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú náà, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Ohun tó ní níbẹ̀ tó láti fi ra ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kò lè fọwọ́ kàn án.

"Mo tún lọ sí ẹnu Ilẹ̀kùn lánàá láti béèrè ìpín mi," ni ó wí.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ìrìn ọjà ń gòkè. Ẹni tó bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gòkè, yóò fara pa. Mo ní èmi tí mo wa ọkọ̀ gòkè títí tí irun mi fi funfun, ǹjẹ́ mo kọ̀ láti dúró rí fún ẹni tó ní òun fẹ́ sọ̀? Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ní ìbéèrè mi kò yé òun." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé yóò gòkè lónìí?"

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé òfin kò gbà kí Akéde Iye sọ nǹkan kan ṣáájú ìkéde."

"Ta ló bi Akéde Iye? Ìbídùn ọmọ mi ni mo bi."

Kì í ṣe òfin ló pa Ìbídùn lẹ́nu mọ́. Ó mọ ìdáhùn náà, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Ọjà tó wà láàyè kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ní òwúrọ̀ ohun tí òun yóò ṣe ní ọ̀sán. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ ọ láti máa ka ìrìn ọjà bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ń gun òkè: yóò gbẹ́sẹ̀, yóò yọ̀ díẹ̀, yóò dúró mí, yóò tún gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gun òkè tí kò mí, a jẹ́ pé ẹnìkan ló ń gbé e. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, Ìwọ̀n Àárín kò tíì mí.

Ó mú ọ̀pá idẹ rẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú fi ń dá Akéde mọ̀, ó sì jáde.

*

Ohun tí ó rí lọ́nà kò bá iye tó ń tàn lára àpáta ìlú mu. Ọkọ̀ okùn tó máa ń lọ, tó máa ń bọ̀ láìdúró, ti di èyí tí èrò ń dúró dè títí tí oòrùn fi ń yí. Ìsọ̀ àwọn aránṣọ tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ti di títì. Níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, wọ́n ti gé òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan fi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ọmọ búrẹ́dì ni, kí òun máa mú un lọ sílé lọ tọ́.

Síbẹ̀, lára àpáta ńlá tó kọjú sí ìlú, okùn ìmọ́lẹ̀ méjì ń tàn bí ẹni pé ọdún ti dé. Pupa ni Ìwọ̀n Àárín ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ méjìlélógún náà, tí a pò pọ̀, tí a sì pín dọ́gba. Funfun ni àárín gbogbo Àárín ogójì ọjọ́ tó ti kọjá. Òun kì í yára gòkè, kì í sì í yára sọ̀, nítorí pé ó ń rántí. Bí pupa bá wà lókè funfun, ìrìn ọjà ń gòkè nìyẹn, Ilẹ̀kùn a sì wà ní títì kí ìbẹ̀rù má baà lé òtòṣì jáde nínú ọrọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a. Bí pupa bá bọ́ sábẹ́ funfun, Ilẹ̀kùn yóò ṣí, ẹni tó bá sì fẹ́ kó tirẹ̀ yóò kó o. Àwọn ọmọdé ìlú náà ti mọ èyí kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún kò rí i rí kí Ilẹ̀kùn ṣí.

Lábẹ́ okùn méjèèjì ni wàláà òkúta àwọn ilé-iṣẹ́ náà wà, tí iye ìpín kọ̀ọ̀kan ń tàn lórí rẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n ta aṣọ dúdú bò.

Òfin tí wọ́n gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Ìpín kò ju gbólóhùn méjì lọ. Èkínní ni pé: iye tí ohùn ènìyàn méjì kò bá pàdé lórí rẹ̀, irọ́ ni. Láyé ìgbà kan, ẹ̀rọ ń tà fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń rà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń dá iye sílẹ̀ láti inú òfìfo títí tí ìlú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pinnu pé ẹnu alààyè nìkan ni yóò máa dá iye. Èkejì ni pé: a kì í ná ọjà ní ilé ọ̀fọ̀. Bí olórí ilé-iṣẹ́ kan bá kú, wọn yóò ta aṣọ dúdú bo wàláà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúnàá-dúrà lórí ìpín rẹ̀ títí tí àwọn ọmọ òkú yóò fi ká aṣọ náà. Iye tó kẹ́yìn ni a ó máa pò mọ́ Àárín. Àwọn aṣòfin kò kọ iye ọjọ́ sí i. Ojú tì wọ́n láti fi òǹkà dí ẹkún ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìfura kọ́kọ́ wọ Ìbídùn lára, kò sì ti inú ìṣirò wá. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ó rántí pé òun kò tíì lọ kí ilé Ìyá Lẹ́jọ̀ká, àwọn tó ni Ìmọ́lẹ̀-Òkè tó ń tan iná fún ìdajì ìlú, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ dúdú wọn ti wà lára àpáta láti ìgbà ọyẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ló ti lọ. Ẹnìkan kò tíì lọ. Ó béèrè ta ló mọ ẹni tó lọ. Kò sí. Ó wá rò ó pé: ní ilẹ̀ yìí, níbi tí àwọn tí kò mọ òtòṣì rí pàápàá ti ń lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ bó bá kú, báwo ni obìnrin tó lówó tó báyìí ṣe lè kú tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí àga ilé rẹ̀?

*

Obìnrin kan ń gbá ewé ní ìloro ilé Lẹ́jọ̀ká. Kò sí àga níta. Kò sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, mà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Obìnrin náà dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ta ló kú?"

"Ìyá Lẹ́jọ̀ká ni. Mo wá kí àwọn ọmọ wọn."

"Ìyá wo?"

"Àwọn tó dá Ìmọ́lẹ̀-Òkè sílẹ̀, mà."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọ̀pá idẹ tó mú dání, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ rọra. Ẹ má fẹnu yín pe irú ẹ̀ sí ìloro yìí. Ẹ gbọ́."

Láti ojú fèrèsé òkè, ohùn arúgbó kan ń bá ẹnìkan wí pé ẹ̀bà tó tutù báyìí, ṣé wọ́n fẹ́ kí òun fi kọ́ ilé ni.

"Ṣé kí n pè wọ́n fún yín?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ni Ìbídùn wí.

Ní òdì kejì ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń jáde láti inú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. Pátákó tó ń fi oòrùn ṣe iná ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu, wọ́n sì ká wáyà bàbà lé e lórí. Òmíràn ń tẹ̀ lé e.

"Níbo ni wọ́n ń kó ìyẹn lọ, mà?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Bọ̀ọ̀dá Adétúlà, ọmọ wọn, ní àtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ń kó jáde láti ìgbà ọyẹ́, tí a kò rí ọ̀kan ṣoṣo kó padà wọlé, ẹ̀yin náà ẹ ro ó."

"Ǹjẹ́ Ìyá mọ̀?"

"Ìyá kì í jáde mọ́. Rédíò ni wọ́n ń gbọ́. Ìkéde ọ̀sán yín kì í kọjá wọn, àyàfi pé wọ́n ní àwọn kì í gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ àwọn mọ́. Wọ́n ní bóyá etí àwọn ló ń fò ó." Obìnrin náà gbá ewé díẹ̀. "Mo ní bóyá etí náà ni. Kí ni n óò sọ?"

*

Ọ̀gá Fágbàmígbé, alábòójútó Gbọ̀ngàn, ń bó ọsàn nígbà tí Ìbídùn wọlé. Ó máa ń bó o débi pé èèpo rẹ̀ kò ní já.

"Ìyá Lẹ́jọ̀ká ń jẹ ẹ̀bà, sà."

Ọ̀bẹ kò dúró. "Ó dáa fún wọn. Kì í ṣe gbogbo àgbà ni ẹ̀bà ṣì ń bá lára mu."

"A ní wọ́n ti kú."

"A kò sọ bẹ́ẹ̀. A ní ilé wọn ń ṣọ̀fọ̀. Ìwọ tí o kàwé, o mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì."

"Sà, iye tí Ìmọ́lẹ̀-Òkè ní kí wọ́n tó ta aṣọ bò ó ni a ṣì ń pò mọ́ tòní. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ti ṣófo. Mo fojú mi rí ọkọ̀ tó ń kó o lọ. Wàláà mẹ́fà ló wà lábẹ́ aṣọ, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì wọ́n jù. Bí a bá yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò, ìrìn ọjà kò gòkè. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ̀."

"Jókòó."

Ìbídùn kò jókòó.

"Ó dára, dúró," ni Fágbàmígbé wí, kò sì bínú. "Bí Ilẹ̀kùn bá ṣí lónìí, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀? Ṣé àwọn tó wà ní ẹsẹ̀ òkè ni, tí wọn yóò dúró de ọkọ̀ okùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Àbí àwọn tí ilé wọn wà lókè níbí? Àwọn wọ̀nyí yóò kó o tán kí bàbá rẹ tó rí bàtà rẹ̀ wọ̀. Orúlé ni aṣọ dúdú yẹn, Ìbídùn. Ó jò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ fẹ́ ká orúlé lórí aláìní nítorí pé o rí ihò lára rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tí kò ti múra sílẹ̀. Ìhàlẹ̀ ló ti ń retí. Ìhàlẹ̀ ì bá rọrùn. Fún ìgbà díẹ̀ ó fura sí ara rẹ̀, bóyá ìbínú lásán ló pè ní òtítọ́. Lẹ́yìn náà ó rántí ọkọ̀ akẹ́rù.

"Àwọn tí ilé wọn wà lókè ti jáde, sà. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà. Ilẹ̀kùn ni wọ́n wá tì mọ́ àwa yòókù, kí a má baà rí wọn."

Fágbàmígbé la ọsàn náà sí méjì, ó sì ti ìdajì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ bàbá rẹ fẹ́ sinmi lọ́sàn-án."

Ìbídùn di ọ̀pá idẹ rẹ̀ mú.

"Bí Àárín bá bọ́, owó ìyálò yóò bá a bọ́, ẹsẹ̀ kò sì ní sinmi mọ́. Àwọn ènìyàn yóò béèrè èéṣe. Wọn yóò ní ọmọ Akíntómidé ló fọ́ ọjà gbogbo ìlú nítorí orúnkún bàbá rẹ̀. Ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́? Èmi tí mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ, n óò ní n kò gbà ọ́ gbọ́." Ó nu ọwọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà lè di tirẹ̀ pátápátá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àwọn Ẹsẹ̀dúró kì í ti ọ̀rọ̀ mi ṣubú. Ṣáà máa kéde bí o ṣe ń kéde tẹ́lẹ̀. Mu ọsàn, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìbídùn wí. Kò fọwọ́ kan ọsàn náà.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri òkúta. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọkùnrin náà tọ̀nà. Òtítọ́ tó bá ní èrè nínú fún ẹni tó ń sọ ọ́, ọjà kò ní rà á. Bó bá dákẹ́, irọ́ ló jẹ́rìí sí. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò gbé orúnkún kan sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì tẹ̀ síbi orúnkún náà.

Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ẹsẹ̀ yẹn."

"Kí n bọ́ ọ kí n sùn?"

"Kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ sì ní kí àwọn Ẹsẹ̀dúró wá gbé e. Kí ẹ sọ pé ẹ kò yá a mọ́. Kí ó tó di ìgbà ìkéde, Bàbá."

Àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà ti ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ wọ inú gbọ̀ngàn.

"Bí wọ́n bá gbé e lọ, wọn kì í dá a padà," ni bàbá wí níkẹyìn. "Ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń gbé e fún."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú."

"Kò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ̀ ọ́, n kò ní lè sọ̀rọ̀."

Ó gbọ́ bí bàbá ṣe ń mí. "Ṣé o fi àga mi sí ẹ̀bá fèrèsé kí o tó jáde?"

"Ó wà níbẹ̀."

"A jẹ́ pé n óò gbọ́ rédíò. Lọ ṣiṣẹ́ rẹ."

*

Gbọ̀ngàn Ìpín wà nínú àpáta gan-an. Wọ́n gbẹ́ ẹ débi pé ẹni tó bá húkọ́ ní ìdí rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò gbọ́. Àwọn tó ń tà jókòó sí apá òsì, àwọn tó ń rà jókòó sí ọ̀tún, Akéde dúró ní àárín. Lókè orí rẹ̀ ni Olóòótọ́ wà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́, tó ń ṣírò, tó sì ń fa okùn méjèèjì lára àpáta. Ẹnikẹ́ni kò lè yí òfin inú Olóòótọ́ padà, àfi bí gbogbo ìlú bá fi ohùn sí i. Nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò ṣe tíì yí i padà rí.

Ìbídùn fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Kòkó-Ọ̀tun. Ta ló ń tà?"

Ohùn kan dá iye. Òmíràn láti apá ọ̀tún dá tirẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ gan-an.

"Ṣé o fẹ́ kí n gbé e fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni?" ni ẹni tó ń tà béèrè, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà á, wọ́n pàdé.

"Mo gbọ́ ohùn méjì," ni Olóòótọ́ wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó pe èkejì, ó pe ẹ̀kẹta. Èyí tó kàn lára àpáta ni Ìmọ́lẹ̀-Òkè. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, Akéde yóò fò ó, Olóòótọ́ yóò sì rọra pò iye àtijọ́ mọ́ ọn.

Nínú ìdánwò tí Ìbídùn fi gba ọ̀pá idẹ, ìbéèrè kan wà tí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é mọ́: báwo ni Akéde ṣe ń pe ilé tó wà nínú ọ̀fọ̀? Yóò kí wọn. Ọmọ òkú yóò dìde, yóò dáhùn, yóò sì dárúkọ òkú rẹ̀. Ìgbà náà ni iye àtijọ́ tó lè dúró, nítorí pé ohùn méjì ti pàdé lórí rẹ̀. Wọ́n ti pa á tì nítorí pé ó ń gba àkókò. Wọ́n pa á tì lẹ́nu. Wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú òfin inú Olóòótọ́.

Ó lu ilẹ̀. "Ilé Ìmọ́lẹ̀-Òkè, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"A ti kí ilé ọ̀fọ̀," ni Olóòótọ́ wí, bí ẹni pé àná ló ṣe é kẹ́yìn. "Mo ń dúró de ohùn ọmọ òkú."

"Akéde, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ," ni Fágbàmígbé wí láti orí àga rẹ̀.

"Ohùn alábòójútó kì í ṣe ohùn ọmọ òkú. Mo ń dúró."

Adétúlà Lẹ́jọ̀ká jókòó sí apá àwọn tó ń tà, nínú aṣọ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó wo Fágbàmígbé. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"A dúpẹ́," ni ó wí.

"Ta ló kú?" ni Olóòótọ́ béèrè.

"Ìyá..." Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ìkéde náà, ní ìsọ̀, nínú ọkọ̀ okùn, lórí tábìlì ìdáná. Ìbídùn rí i bí ọkùnrin náà ṣe yí ojú sí ihò kékeré tó ń gbé ohùn jáde lára ògiri, ó sì mọ ẹni tó ń rò. Ènìyàn lè fi aṣọ purọ́ pé ìyá òun kú. Ó lè fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ purọ́ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n kí ọmọ la ẹnu, kí ó fi ahọ́n tí ìyá fún un pe ikú lé ìyá tó ń jẹun lórí, kí ìyá sì máa gbọ́ ọ, ìyẹn ju agbára rẹ̀ lọ.

"Adétúlà," ni àgbà kan wí láti apá ọ̀tún, "a ti kí ọ tọkàntọkàn. Ìyá tìrẹ ni, àbí ìyá ẹlòmíràn lo yá?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára dákẹ́. Adétúlà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. Ó jókòó.

"Ohùn kò sí," ni Olóòótọ́ wí. "Iye kò sí."

Níta, aṣọ dúdú já bọ́ lára àpáta. Wọ́n gbọ́ ariwo àwọn ará ìlú bí ó ṣe ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìbídùn kí ilé kejì tó wà nínú ọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tó dìde. Ó kí ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Nígbà tí ó kí ẹ̀kẹrin, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde ní ìdí gbọ̀ngàn, ó ní bàbá òun ni, Fámúyìídé lorúkọ wọn, oṣù tó kọjá ni wọ́n sin wọ́n, ẹkún sì gba ohùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n kí i. Iye tirẹ̀ dúró. Aṣọ rẹ̀ kò já. Ìbídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí pé ó ti gbàgbé pé òótọ́ lè wà láàárín wọn.

Àwọn méjì tó kù kò dáhùn. Láàárín wọn, ó ti pe àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù títí tó fi ku ẹyọ kan.

"Ìwọ̀n Àárín ti yí," ni Olóòótọ́ wí. "Pupa ti bọ́ sábẹ́ funfun. Ìrìn ọjà ń sọ̀. Ilẹ̀kùn yóò ṣí."

"Nítorí bàbá rẹ̀ ni," ni Adétúlà pariwo. Ó ti tún dìde. Ọ̀rọ̀ ti rí àyè lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí. "Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àyálò wà lára bàbá rẹ̀, owó ìyálò ló fẹ́ kó wálẹ̀. Ọ̀gá Fágbàmígbé mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n."

Wọ́n yíjú sí àga alábòójútó láti bi í. Àga náà ṣófo. Ẹni tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ní Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, wọ́n sì ń yára.

Ìbídùn gbé fóònù rẹ̀ sókè kí ihò ohùn lè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ti wọlé láti ìgbà tí ó ń kí ilé kejì, kò sì tíì gbọ́ ọ rárá.

"Ìbídùn, wọ́n ti gbé e lọ," ni ohùn arúgbó náà wí nínú àpáta. "Àwọn méjì ni wọ́n wá, wọ́n ní kí n fọwọ́ tẹ nǹkan, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo wà lórí àga. Má yára sọ̀rọ̀, o máa ń yára jù."

Láti ìsàlẹ̀ òkè, ìró kan ń bọ̀, ìró kéékèèké tó pọ̀ bí òjò tó ń kan páànù: orúnkún irin àwọn ènìyàn ni, ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó yá ẹsẹ̀, tó ń tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí owó ìyálò ṣe ń wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ti dìde, ọ̀nà Ilẹ̀kùn ni wọ́n dojú kọ. Ìbídùn kò mọ̀ bóyá àwọn ará ẹsẹ̀ òkè yóò bá nǹkan níbẹ̀. Ó mọ̀ pé wọn yóò gbé ìbéèrè náà wá bá òun, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ kí wọ́n gbé e wá.

Ṣùgbọ́n ìkéde kò tíì parí. Ilé-iṣẹ́ kan ló kù. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, àwọn tó ń jáde sì dúró.

"Ẹsẹ̀dúró," ni ó pè. "Ta ló ń tà?"

Gbogbo apá òsì ló na ọwọ́ sókè.

"Ta ló ń rà?"

Ó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, kò mọ ohun tí yóò gbọ́.